Kí Ijó Gbé Àmì Náà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Òǹkàwé lórí Fọ́tò Ijó

Nínú lẹ́tà tó wọlé lórí fọ́tò ijó àti àmì ẹ̀sìn, ti Àbújá àti àwọn ìlú òkè Ọya ló pọ̀ jù. A mú márùn-ún nínú wọn. Ẹ̀yin tí ìbéèrè yín jọra, ẹ bá ẹnì kejì yín pín nínú ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ́ ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Bí a bá jó lọ́jọ́ ìdúpẹ́, fọ́tò wa kì í dára. Bí ojú bá hàn, sùtánà á funfun báláú láìní ìṣẹ́po kankan; bí aṣọ bá hàn, ojú á dúdú. Iná inú ṣọ́ọ̀ṣì tún ń fa ìlà-ìlà sórí fọ́tò. Kí ni ká ṣe?
*Òǹkàwé, Kubwa*

Kámẹ́rà kò mọ̀ pé sùtánà lẹ wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àárín, tí kò funfun tí kò dúdú, ló máa ń wá. Bí aṣọ funfun bá gba ojú àwòrán, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Aṣọ á rí bí eérú, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì wọ òkùnkùn. Bí ẹ bá ní kó wo ojú nìkan, á ṣí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, aṣọ á jóná. Nọ́ńbà kámẹ́rà nìkan kò lè parí ìjà yìí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ má ya á lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Láti nǹkan bí aago 11 títí di aago 3, orí gangan ni oòrùn Àbújá ti ń bọ̀: iwájú orí á ṣíji bo ẹyinjú, èjìká aṣọ á sì máa kọ mànà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilé tó ní ibòòji lọ, kí gbangba ojú ọ̀run wà lápá kan oníjó, kí ògiri wà lápá kejì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi ìṣẹ́po aṣọ hàn. Èyí tó bá ti iwájú wá ń tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ojú bá ṣì ṣú, kí ẹnì kan di páálí funfun ńlá mú lápá tó dúdú, ní nǹkan bíi mítà 2 sí oníjó, kó máa ta ìmọ́lẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé exposure (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà) sókè sí àárín +0.7 àti +1, ẹ ya ẹyọ kan, kí ẹ wo histogram, àtẹ ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń fi hàn: kó sún mọ́ etí ọ̀tún, kó má fara kàn án. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ni kí ẹ fi pa á mọ́. Ojú tó ṣú díẹ̀ ṣì ṣeé gbé sókè nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n aṣọ tó ti jóná kò ní ohunkóhun tí a lè fà yọ mọ́.

Ní ti ìlà-ìlà yẹn, iná mànàmáná wa ń mì nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pá iná gígùn àti iná LED pọ́ọ́kú sì ń mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣú, nígbà 100 láàárín àáyá kan náà. Ojú wa kì í rí i. Bí shutter, ilẹ̀kùn kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, bá yá jù, apá kan àwòrán á bá ìgbà tí iná mọ́lẹ̀ pàdé, apá kejì á bá ìgbà tó ṣú. Ẹ fi shutter sí 1/100 tàbí 1/50 àáyá, ìlà á lọ. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ tàn, eré rẹ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ máa wo fọ́tò lóòrèkóòrè, kí ẹ máa sún shutter síwá sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1/100, ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ á fà. Ẹ jẹ́ kó fà. Bí ojú àti àyà bá dúró ṣáká tí ọwọ́ fà, ẹni tó ń wo fọ́tò á mọ̀ pé orin ń lọ lọ́wọ́.

Nǹkan méjì kù tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò kì í kà sí. Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀. Nínú Ìjọ Mímọ́ tí S.B.J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ohùn tó bá Mósè sọ̀rọ̀ nídìí igbó tó ń jó ló wà níbẹ̀, pé kó bọ́ bàtà rẹ̀, ilẹ̀ mímọ́ ni. Fọ́tò tó bá gé oníjó ní ọrùn ẹsẹ̀ ti sọ àmì tó lágbára jù nínú ijó yín nù. Ẹ sún sẹ́yìn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó gbé sókè hàn, àní pẹ̀lú ekuru tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀kejì ni àwọ̀. Àmùrè ń sọ ipò. Bí ẹ bá fi white balance (òdiwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) sílẹ̀ fún kámẹ́rà lábẹ́ iná oríṣiríṣi, búlúù lè di elése-àlùkò, ẹ sì ti fi oyè tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ ẹnì kan. Ẹ gbé bébà funfun sí ibi ijó, kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, kí ẹ má yí i mọ́ títí ijó á fi parí.

Ẹgbẹ́ eléré ìbílẹ̀ ni wá. A fẹ́ àwòrán mẹ́rin, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Ọbàtálá àti Ògún, tí a ó gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn. Onífọ́tò ti ya á lẹ́ẹ̀kan, aṣọ pé, ohun ìjà pé, síbẹ̀ ṣe ló rí bí ẹni tó wọ aṣọ eré tó dúró fún fọ́tò. Kí ló kù?
*Òǹkàwé, Garki*

Ijó ló kù. Ó dájú pé wọ́n ní kí oníjó gbé oṣé, àáké olójú méjì ti Ṣàngó, sókè, kó wo ọ̀kánkán, wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì. Oṣé tí ijó kò gbé, ẹrù ọwọ́ lásán ni. Àmì ẹ̀sìn máa ń sọ̀rọ̀ nínú fọ́tò nígbà tí ara bá ń ṣe ohun tí àmì náà wà fún.

Barbara Morgan, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà tó ya ijó Martha Graham, oníjó ilẹ̀ náà, ní nǹkan bí 1935 sí 1940, kì í sábà sáré ya ijó láti ìsàlẹ̀ ìtàgé. Á wo ijó náà títí á fi mọ ibi tí ìtumọ̀ rẹ̀ wà, lẹ́yìn náà á ní kí oníjó tún apá yẹn nìkan jó níwájú kámẹ́rà. Ohun tí a fẹ́ kí onífọ́tò yín ṣe nìyẹn. Kó wá sí ìdánrawò lẹ́ẹ̀mejì láìmú kámẹ́rà dání. Kí ẹ sì gbé onílù wá sí ibi tí ẹ ó ti ya á, nítorí ìlù inú fóònù kò lè tún gbólóhùn kan lù nígbà mẹ́wàá bí ẹ bá ní kó tún un lù. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlù tirẹ̀. Bí ẹ bá lu bàtá fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ara mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọra.

Bàtá ni ti Ṣàngó: ìyáàlù, omele abo, omele akọ àti kúdi. Ijó rẹ̀ le, ó ń já lójijì, èjìká àti ẹsẹ̀ ló ń dá ìyáàlù lóhùn. Wàbì, yẹ̀rì aláwẹ́-aláwẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ sídìí, kò sọ nǹkan kan bó bá rọ̀ sílẹ̀. Ó dìgbà tí oníjó bá yí, tí awẹ́ rẹ̀ là káàkiri. Níta gbangba, shutter 1/800 tàbí 1/1000, f/4 (ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì), lẹ́ńsì 35mm, kámẹ́rà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sílẹ̀, mítà 3 sí 4 sí oníjó. Bó bá fò, òkè téńté ni kí ẹ mú: níbẹ̀ ara kò gòkè mọ́, kò sì tíì máa bọ̀, ojú oníjó sì máa ń balẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó fojú rí i kó tó tẹ bọ́tìnnì, oníjó á ti máa bọ̀ nílẹ̀. Etí lẹ ó fi mú un. Kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí gbólóhùn ìyáàlù bá ti ń kásẹ̀. Kí ẹ sì wo orí oṣé dáadáa. Bí etí rẹ̀ bá kọ sí kámẹ́rà, igi lásán ni yóò jẹ́ nínú àwòrán. Kí ojú rẹ̀ méjèèjì hàn ní gbẹ̀ẹ́rẹ́.

Ti Ọ̀ṣun ń fẹ́ òdìkejì èyí. Omi ni. Bí ẹ bá dá a dúró ní 1/1000, omi ti dì. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí nínú ilé, shutter 1/8 sí 1/15. Kí oníjó pa orí àti àyà mọ́ sójú kan, kó jẹ́ ìbàdí, ọrùn ọwọ́ àti ìṣẹ́tí aṣọ nìkan ló ń lọ. Bí ẹ bá ní fláàṣì, ẹ sọ ọ́ kó tàn ní ìparí, rear curtain ni wọ́n kọ ọ́ nínú kámẹ́rà. Bó bá tàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ipa aṣọ á wà níwájú ara, á dà bí pé ẹ̀yìn ló ń jó lọ. Abẹ̀bẹ̀ idẹ máa ń gba fláàṣì, á sì dá a padà sínú lẹ́ńsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, kí ẹ sì gbé aṣọ funfun sí apá ibi tó kọjú sí. Àwọ̀ idẹ á yọ wẹ́rẹ́ dípò kó máa bù yẹ̀rì.

Ọbàtálá ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ló sì ń tú àṣírí oníjó tí kò mọ ijó. Ìgbìn ni ìlù rẹ̀, ó wúwo, kì í sáré. Ara tẹ̀ba, ọ̀páṣoro, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, gbé ìwúwo náà. Bí ọwọ́ bá kàn gbá ọ̀pá mú tí ara kò fẹ̀yìn tì í, ojú ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ ní kí oníjó fi ara lé ọ̀pá náà débi pé bí ẹ bá yọ ọ́, á ṣubú. Ìgbà náà ni iṣan apá á jáde, tí ọrùn á tẹ̀. 1/125 tó. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò á na aṣọ dúdú sẹ́yìn Ọbàtálá kí funfun lè yọ, a kò fara mọ́ ọn. Á sọ baba di iwin. Ògiri funfun tàbí aláwọ̀ eérú fífúyẹ́, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ láti fèrèsé kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló bá a mu. Funfun lórí funfun, kí òjìji nìkan máa pín wọn.

Ògún, àgẹ̀rẹ̀ ni ìlù rẹ̀, pẹ̀lú màrìwò tútù. Nínú ọyẹ́, kì í pẹ́ tí màrìwò fi ń gbẹ tó sì ń ká, nítorí náà ẹ fi aṣọ tútù wé e títí di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Àdá tí kò mú ni kí ó lò, kí ẹnikẹ́ni má sì wà ní mítà 2 sí i.

Ẹ bi wá léèrè ẹfun àti osùn nínú lẹ́tà yín. Ẹ po ẹfun mọ́ omi kó ki bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ fi í sí ara gbígbẹ. Òkè òrí kò gba ẹfun, á yọ̀ dànù bí oníjó bá làágùn; ibi tí kò ní ẹfun ni kí ẹ fi òrí pa, kí ara lè máa dán. Bí ẹfun bá ti gbẹ tán, á máa sán. Bí ẹ bá fẹ́ sísán yẹn, ẹ kọ́kọ́ ya ojú àti ọwọ́ nítòsí. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ yára ya á kó tó gbẹ. Osùn kì í kúrò lára aṣọ funfun, torí náà Ọbàtálá ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.

Ní ti gíga kámẹ́rà, iṣẹ́ Pierre Verger yẹ ní wíwò. Onífọ́tò ará Faransé ni, wọ́n bí i ní 1902, ó kú ní Bahia, ní Brazil, ní 1996. Ó ya àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Ilẹ̀ Yorùbá, ní Dahomey (Benin òde òní) àti ní Bahia, òun náà sì gba Ifá, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúnbí. Rolleiflex ló ń lò, kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé síwájú ikùn, tí wọ́n ń wò láti òkè. Nítorí èyí, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń ti wo olórìṣà. Ẹ dán an wò: ẹ gbé kámẹ́rà sí gíga ikùn fún Ọ̀ṣun àti Ọbàtálá. Oníjó tí ẹ wò láti òkè á kéré, àmì ọwọ́ rẹ̀ náà á sì kéré.

Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè fi ya ijó rárá?
*Òǹkàwé, Lugbe*

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀. Fóònù máa ń fa shutter gùn bí ilé bá ṣú, ẹsẹ̀ oníjó á sì pòórá. Ẹ jáde síta láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀, ẹ tẹ ojú oníjó lórí gíláàsì fóònù, kí ẹ sì di ìka mọ́ ọn títí á fi tì pa, kí ìmọ́lẹ̀ má máa yí padà. Ẹ lo burst, tó ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò léraléra. Ẹ má fi ìka fa á súnmọ́. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi súnmọ́ ọn. Bí fóònù bá ní ètò Pro, shutter 1/500, kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) má kọjá 800. Ẹ pa ọ̀nà portrait, èyí tó ń sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì, torí kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrùkẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀yìn àwòrán, á gé irun rẹ̀ dànù.

A máa ń kọ wákà, a sì máa ń jó, níbi ìgbéyàwó àti nígbà tí àwọn alálàájì bá dé. Onífọ́tò ní ká tẹ́ ẹní ìkírun, ká di tẹ̀sùbáà mú, ká forí kanlẹ̀ nínú ijó, pé yóò fi hàn pé Mùsùlùmí ni wá. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Kí lẹ rò?
*Òǹkàwé, Sabon Gari, Kánò*

Ọkàn yín tọ̀nà, Alájà. Rúkúù àti ìforíkanlẹ̀, ti ìrun ni. Ọlọ́hun nìkan ni wọ́n wà fún, wọn kì í ṣe ẹsẹ̀ ijó. Ẹní tó ní àwòrán Káábà kì í ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ń jó lé, àyọkà Àlùkùránì kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́ etí aṣọ. Àwọn ará ilé yín á bínú, àwọn aládùúgbò yín ní Kánò á bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì ní jẹ̀bi.

Wákà ti ní àmì tirẹ̀ láìyá ti ìrun lò. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tó ṣí nígbà tí orin bá dé orí àdúà. Ìbòrí tó ń fẹ́ lẹ́yìn èjìká bí gbogbo yín bá yí papọ̀. Pàtẹ́wọ́ yín, ní ìgbà tí ọwọ́ kù díẹ̀ kó pàdé. Ẹ ní kí onífọ́tò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà yín, kì í ṣe iwájú, pẹ̀lú lẹ́ńsì 85mm ní f/4 àti shutter 1/250; ọwọ́ mẹ́fà, mẹ́jọ, á tò tẹ̀lé ara wọn, èyí tó wà láàárín ni kó mú ṣáká. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀sùbáà, ẹ dá a yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ijó bá parí: ọwọ́ àgbà kan nìkan, àtàǹpàkò lórí ilẹ̀kẹ̀ kan, òógùn ijó ṣì wà lára rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń bá fọ́tò ẹ̀sìn jẹ́. Kámẹ́rà iwájú fóònù sábà máa ń yí àwòrán padà bí inú dígí. Lọ́nà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á di òsì, lẹ́tà Lárúbáwá á sì ka sẹ́yìn. Irú àṣìṣe kan náà ni bí wọ́n bá yí fọ́tò ọmọ ẹgbẹ́ Ògbóni padà, nítorí òsì lórí ọ̀tún ni wọ́n ń gbé ọwọ́ sí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí fọ́tò tó jáde.

Kí onífọ́tò tó wá, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan sọ ibi tó fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ dé: ilé nìkan ni o, WhatsApp ẹgbẹ́ ni o, tàbí ìwé ìròyìn. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, kó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, kí wọ́n lè gé e kúrò láìba ti àwọn yòókù jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ká gbé egúngún lọ jó lábẹ́ òkúta Zuma nínú ọyẹ́, ká ya á. Ṣé kò léwu?
*Òǹkàwé, Suleja*

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé egúngún wo. Eégún aláré tó ń pidán fún èrò, ẹ bá olórí ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀, ẹ dá owó, kò sí wàhálà. Eégún ilé, tí ó jẹ́ baba ẹnì kan, kò sí nínú ohun tí onífọ́tò ń gbé kiri. Ìdílé tó ni ín ló lè sọ bí yóò bá jáde àti ibi tí yóò dé. Ẹ má ya á bí wọ́n bá ń múra fún un. Orò ẹ̀wẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà sílé.

Bí wọ́n bá gbà fún yín, ohun tí a sọ nípa Ṣàngó kò bá egúngún mu. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sílẹ̀ tí ẹ̀kú sì là bó ti ń yí, ẹsẹ̀ ènìyàn lè hàn, ohun tí kò gbọ́dọ̀ hàn sì nìyẹn. Ẹ gbé e sí gíga àyà, lẹ́ńsì 70mm sókè, mítà 6 ó kéré tán. 1/60 ni kí ẹ lò bó bá ń yí: awẹ́ aṣọ á fà, á sì fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ síni lára hàn. Ẹ jẹ́ kí atọ́kùn wà nínú àwòrán. Kí obìnrin tó bá wà nínú ẹgbẹ́ onífọ́tò jìnnà sí ẹ̀kú, kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Òkúta yẹn náà kì í ṣe ẹ̀yìn àwòrán lásán. Ó wà lẹ́yìn owó ₦100 tó jáde ní 1999, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn Gbagyi tó wà níbẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni nínú wa dé ti fi í ṣe ibi ìsádi nígbà ogun. Ẹ lọ rí baálẹ̀ àdúgbò, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ mú obì dání. Bí ó bá ní ẹ̀gbẹ́ kan kò ṣeé gbé eégún ẹlòmíràn jó, ẹ yà kúrò. Ẹ̀yin náà kò ní gbà kí wọ́n gbé ijó àjèjì wọ igbó yín láìtọrọ.

Ọyẹ́ ní àǹfààní: ekuru máa ń dín agbára oòrùn kù, òjìji á rọ̀, àwọ̀ ẹ̀kú á sì yọ. Òkúta á ṣú bàìbàì lẹ́yìn, èyí tó dára. Àbùkù rẹ̀ wà lára kámẹ́rà. Ẹ fi lẹ́ńsì kan sí i nílé, kí ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ níta títí ẹ ó fi padà. Bí ekuru bá wọ sẹ́ńsọ̀, àmì dúdú róbótó á yọ lójú ọ̀run, pàápàá láti f/11 sókè; ẹ lo f/4 tàbí f/5.6. Láti mọ̀ bóyá ó ti wọ̀ ọ́, ẹ ya ògiri funfun ní f/16 kí ẹ tó kúrò nílé àti nígbà tí ẹ bá dé, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á gbẹ mọ́ ọn. Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí ẹ lò, kí ojú kámẹ́rà dorí kodò, kí ekuru lè jábọ́.